Àna Tó Lọ Dípò Ọmọ

Abẹ́rẹ́ ni káfíńtà kan máa ń pe ìyàwó rẹ̀. Iṣẹ́ aránṣọ ni obìnrin náà ń ṣe, ó tẹ́ẹ́rẹ́, ẹnu rẹ̀ sì mú. Ọjọ́ tí wọ́n kọ́kọ́ pàdé, káfíńtà gbé ṣòkòtò iṣẹ́ kan tó ti fàya ní orúnkún lọ sí ṣọ́ọ̀bù tí obìnrin náà ti ń ránṣọ. Obìnrin náà yẹ ṣòkòtò wò, ó wo ẹni tó gbé e wá, ó ní, "Ṣé ayùn lo fi ń bọ́ ọ ni?" Káfíńtà kàn rẹ́rìn-ín. Lọ́sẹ̀ kejì ó tún gbé ṣòkòtò mìíràn dé, èyí tí kò ya rárá. Bí ọ̀rọ̀ wọn ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn, ọdún mẹ́ta rèé tí wọ́n ti di tọkọtaya.

Ìlú ọkọ ni wọ́n ń gbé. Ọmọ ilẹ̀ òkèèrè ni ìyàwó, ọdún méjì méjì ni wọ́n sì máa ń fún un ní ìwé ìgbélùú. Lọ́dún tí mò ń sọ yìí, wọ́n ti kó fọ́ọ̀mù àti àwòrán rẹ̀ lọ sí ọ́fíìsì tó ń fúnni ní ìwé náà kí ọjọ́ ìwé àtijọ́ tó pé. Ọ́fíìsì gba káàdì ìgbélùú àtijọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n fún un ní ìwé pélébé kan pé kó fi máa dúró de tuntun. Ohun tó wà nínú ìwé pélébé náà kò lọ́jú pọ̀ rárá. Ó lè máa gbé ìlú, ó lè máa ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n bó bá fi lè jáde nílùú kí káàdì tuntun tó dé, wọn á kà á sí pé ó ti pa ọ̀rọ̀ náà tì, ìta ni yóò sì ti máa bẹ̀rẹ̀ gbogbo rẹ̀ lákọ̀tun.

Oṣù mẹ́ta kọjá, káàdì kò dé. Ibi tí wọ́n ti ń retí rẹ̀ ni ìyá ìyàwó ti pè lórí fóònù.

Tíṣà ni gbogbo àdúgbò tí ìyá náà ń gbé máa ń pè é. Ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n ló fi kọ́ àwọn ọmọdé tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń mọ ìwé kọ, ó sì ti fẹ̀yìn tì. Ojú rẹ̀ ti ń bò díẹ̀díẹ̀ fún bí ọdún mélòó kan. Ti ọ̀tún ti bò tán, tòsì ló fi ń rí fìrí. Ó ní ilé ìwòsàn ti dá ọjọ́ fún òun láti ṣiṣẹ́ abẹ sí ojú ọ̀tún, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sí i. Bí ọjọ́ yẹn bá lọ, ẹ̀yìn ìlà ni òun yóò padà sí, ó sì lè tó ọdún kan kó tó tún kàn òun. Ṣùgbọ́n wọn kì í fọwọ́ kan ojú ẹni tí kò ní èèyàn nílé tí yóò máa kán oògùn sí i fún un.

"Mo sọ fún wọn pé mo bímọ," ni Tíṣà wí.

Òótọ́ ni, ó bímọ. Ọmọ kan ṣoṣo ló bí, Abẹ́rẹ́ sì ni.

Lọ́jọ́ kejì, tọkọtaya gbàyè níbi iṣẹ́, wọ́n lọ sí ọ́fíìsì. Àárọ̀ ni wọ́n ti tò, ọ̀sán ló tó kàn wọ́n. Ọkùnrin tó jókòó lẹ́yìn gíláàsì kò jágbe mọ́ wọn, kò sì tàn wọ́n. Ó ní ìwé àṣẹ ìrìn-àjò wà tí èèyàn lè gbà bí káàdì kò bá tíì jáde, ṣùgbọ́n ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ló máa ń gbà.

"Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ló kù kí wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún màmá mi," ni ìyàwó wí.

Ọkùnrin náà bọ́ awò ojú rẹ̀, ó fi etí ṣẹ́ẹ̀tì nù ún. "Ẹ má bínú, mà. Bí mo bá ní kẹ́ ẹ máa lọ, mo tàn yín ni. Èmi náà ní ìyá."

Nígbà tí wọ́n délé, ìyàwó kó aṣọ gbígbẹ jọ. Ó gbé áyọ́ọ̀nù, ó bẹ̀rẹ̀ sí í lọ aṣọ. Káfíńtà jókòó sórí àga, ó ń wò ó. Nígbà tí obìnrin náà lọ ṣẹ́ẹ̀tì kan náà lẹ́ẹ̀kẹta, ọkùnrin náà ní, "Èmi á lọ."

"Lọ síbo?"

"Sọ́dọ̀ Màmá. Páálí ìrìn-àjò tèmi kò sí lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni."

Ìyàwó gbé áyọ́ọ̀nù nàró. "Ìwọ tó ò mọ ibi tí iyọ̀ wà nínú ilé ìdáná tó o fọwọ́ ara ẹ kan kọ́bọ́ọ̀dù rẹ̀."

"Mo mọ̀ ọ́n."

"Ibo ló wà?"

Káfíńtà wo kọ́bọ́ọ̀dù òkè, ó wo tìsàlẹ̀. "Inú agolo ni," ló wí.

Ẹ̀rín bú jáde lẹ́nu obìnrin náà, ẹ̀rín náà kò sì tíì tán tó fi di ẹkún. Káfíńtà dìde, ó yọ wáyà áyọ́ọ̀nù kúrò lára ògiri, ó gbá a mọ́ra.

Gbogbo ọ̀sẹ̀ yẹn ni Abẹ́rẹ́ fi ń kọ nǹkan sínú ìwé kan fún ọkọ rẹ̀. Tíì Màmá gbọ́dọ̀ gbóná kó máa hó, má fi mílíìkì sí i lọ́sàn-án. Má bá a parí ọ̀rọ̀ tó bá ń sọ lọ́wọ́. Má jà á níyàn kó tó wẹ̀. Bó bá ní òun kò fẹ́ nǹkan, tún bi í lẹ́ẹ̀kan sí i. Bó bá tún ní òun kò fẹ́, fi í lẹ̀. Káfíńtà ka ìwé náà bí ẹni tó fẹ́ lọ ṣèdánwò. Lóòótọ́, ẹ̀rù ń bà á. Látìgbà tó ti fẹ́ ọmọ Tíṣà, orí fóònù nìkan ló ti ń bá a sọ̀rọ̀, ọ̀rọ̀ náà kì í sì í ju ìkíni lọ.

Ọjọ́ kejì ìrìn-àjò ló dé ẹnu ọ̀nà ilé ìyá ìyàwó rẹ̀. Ó kan ilẹ̀kùn, ilẹ̀kùn náà fi ariwo ṣí, ó há, ó tún ṣí. Obìnrin kúkúrú kan dúró níbẹ̀, ó fọwọ́ kan ti ògiri, ó gbé orí sókè bí ẹni tó ń gbọ́ ohùn tó jìnnà.

"Ta nìyẹn?"

"Èmi ni, Mà. Ọkọ ọmọ yín."

"Ìwọ nìkan?"

"Èmi nìkan ni, Mà."

Wọ́n ti sọ fún Tíṣà tẹ́lẹ̀ pé káfíńtà nìkan ló ń bọ̀. Síbẹ̀, ó tún dúró díẹ̀, bóyá ẹsẹ̀ mìíràn yóò tún dún lẹ́yìn. "Wọlé," ló wá wí. "Bọ́ bàtà ẹ sẹ́nu ọ̀nà." Nígbà tí káfíńtà fẹ́ dì í lọ́wọ́ mú, ó gba ọwọ́ rẹ̀ padà. Ó ní òun mọ ilé òun.

Ìgbà tí wọ́n jẹun tán ló wá bi í léèrè. "Ara ọmọ mi kò yá, àbí?"

"Ara rẹ̀ yá, Mà."

"Ẹ jà?"

"A ò jà, Mà."

"Ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n ni mo fi kọ́ ọmọ ọlọ́mọ. Mo mọ ohùn ọmọ tó ti há irọ́ sórí kó tó wọ kíláàsì. Ẹ̀yin méjèèjì ń sọ fún mi pé ìwé, ìwé. Ìwé wo ni kò ní jẹ́ kí ọmọ wá wo ìyá rẹ̀?"

Káfíńtà rántí pé òun kò gbọ́dọ̀ jà á níyàn. Ó yọ fóònù, ó ṣí àwòrán ìwé pélébé náà, ó ní, "Ẹ jẹ́ kí n kà á fún yín, Mà."

"Kà á."

Ó bẹ̀rẹ̀ sí í kà á. Kò tíì dé ìlà kẹta tí Tíṣà fi dá a dúró. "Má sáré. Níbi tí kọ́mà bá wà, kó o mí. Tún un bẹ̀rẹ̀." Ó tún un bẹ̀rẹ̀. Ó kà á lẹ́ẹ̀kejì, ó kà á lẹ́ẹ̀kẹta, òógùn bò ó, àfi bí ìgbà tó wà ní kíláàsì kejì. Nígbà tó parí, ìyá náà ń fi ìka ra etí tábìlì.

"Ìwé pélébé báyìí ló so ọmọ mi mọ́lẹ̀."

"Òun ló so ó mọ́lẹ̀, Mà. Bí kì í bá ṣe bẹ́ẹ̀, òun lẹ̀ bá máa wò níbi tẹ́ ẹ ti ń wò mí yìí."

"N kò wo ẹnì kankan," ni Tíṣà dá a lóhùn. "Fìrí ni mò ń wò."

Káfíńtà fẹ́ pa ẹ̀rín mọ́ra, kò lè pa á mọ́ra. Ìgbà tí ìyá náà gbọ́ pé ó ń rẹ́rìn-ín, òun náà bẹ̀rẹ̀. Alẹ́ ọjọ́ náà, kó tó wọlé sùn, ó na ọwọ́ sí káfíńtà fúnra rẹ̀ pé kó mú òun kọjá ibi tí ilẹ̀ ti ga.

Ọjọ́ kẹta tó débẹ̀ ni iṣẹ́ abẹ. Àárọ̀ ni wọ́n ti dé ilé ìwòsàn. Wọ́n wọ aṣọ aláwọ̀ ewé fún Tíṣà, wọ́n bo irun rẹ̀, wọ́n gbé e sórí bẹ́ẹ̀dì oní-táyà. Nọ́ọ̀sì kan mú ìwé dání, ó wo àwọn tó jókòó lórí bẹ́ǹṣì.

"Ta ló wà pẹ̀lú ìyá yìí?"

"Èmi ni," ni káfíńtà wí, ó dìde.

"Kí ni wọ́n jẹ́ sí yín?"

Káfíńtà ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ máa ṣàlàyé, pé ìyàwó òun, pé ìwé ìyàwó òun, nígbà tí ohùn Tíṣà ti orí bẹ́ẹ̀dì wá. "Ọmọ mi ni. Kọ ọ́ bẹ́ẹ̀."

Nọ́ọ̀sì kọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Wọ́n ti bẹ́ẹ̀dì lọ, káfíńtà padà jókòó sórí bẹ́ǹṣì. Ó fi wákàtí kan ààbọ̀ ka táìlì ilẹ̀, kò sì rántí iye tí wọ́n jẹ́.

Lọ́jọ́ kejì wọ́n padà lọ kí dókítà lè ṣí báńdéèjì. Dókítà rọra ṣí i, ó fi òwú tútù nù ún, ó ní kí ìyá la ojú. Ìyá la ojú. Ó kọ́kọ́ wo fèrèsé, ó wo ọwọ́ ara rẹ̀, ó yí i síwájú, ó yí i sẹ́yìn, lẹ́yìn náà ló wá gbójú sókè sí ọkùnrin tó dúró nídìí ògiri. Ó wò ó fún ìgbà pípẹ́.

"Ìwọ rèé."

"Èmi rèé, Mà."

"Wọ́n máa ń sọ fún mi pé ọkọ ọmọ mi rẹwà." Ó tún wò ó. "Ó dáa. Ó ga, ó kéré tán."

Dókítà ló kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Káfíńtà ti yíjú sí ògiri, ó ń nu ojú tirẹ̀.

Nígbà tí wọ́n délé, ó pe ìyàwó rẹ̀ lórí fóònù, ó gbé fóònù ti agolo mílíìkì kí àwọn méjèèjì lè rí ara wọn. Tíṣà sún mọ́ fóònù. Kò kí ọmọ rẹ̀. Ohun tó kọ́kọ́ sọ ni pé, "O ti rù."

"Bí mo ṣe máa ń rí nìyí, Màmá."

"N kò rí i tẹ́lẹ̀ ni. Ta ló rán kọ́là yẹn?"

"Èmi ni."

"Apá òsì ga ju tọ̀tún lọ."

Lóòótọ́ ló ga. Abẹ́rẹ́ fọwọ́ bo kọ́là, ó bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún, ó sì ń rẹ́rìn-ín.

Oògùn ojú ni wàhálà tó kù. Ẹ̀ẹ̀mẹrin lóòjọ́ ni wọ́n gbọ́dọ̀ kán an, ìyá náà sì máa ń di ojú rẹ̀ kó tó kán. Káfíńtà, tó lè kan ìṣó sí igi tẹ́ẹ́rẹ́ láìjẹ́ kó là, kán oògùn sí i ní imú, ó kán an sí i ní etí. "Tíṣà," ló wí níkẹyìn, "ẹ gbórí sókè, ẹ wo àjà, ẹ ka ọ̀kan dé márùn-ún fún mi." Ìyá náà bojú wò ó pé ta ló ń pàṣẹ fún ta. Ṣùgbọ́n ó gbórí sókè, ó kà á, nígbà tó dé mẹ́ta oògùn ti wọlé.

Dókítà ní kò gbọ́dọ̀ bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, kò gbọ́dọ̀ dáná. Káfíńtà ló ń dáná. Ó se ẹ̀wà, ẹ̀wà jóná. Ìyàwó rẹ̀ máa ń bá a ṣe é láti orí fóònù nígbà tó bá ń jẹun ọ̀sán níbi iṣẹ́, àwọn aránṣọ ẹgbẹ́ rẹ̀ náà á máa dá sí i. "Ẹ bu omi sí i o, Bàbá Ẹ̀wà," ni wọ́n á máa pariwo. Bí wọ́n ṣe ń pè é di òní nìyẹn. Nígbà tí kò bá sí nídìí iná, ó ń tún ilé ṣe. Ó fá ìdí ilẹ̀kùn tó ń há, ó de ẹsẹ̀ tábìlì tó ń mì, ó tún kan pákó bẹ́ẹ̀dì. Tíṣà á gbé àga sí tòsí, á máa wo bí èérún igi ṣe ń jábọ́ lára ìfági. Ó ní ó ti pẹ́ tí òun ti rí nǹkan tó kéré tó bẹ́ẹ̀.

Ọjọ́ kẹfà ni lẹ́tà dé ọ̀dọ̀ ìyàwó. Ọ́fíìsì ní kó wá tẹ̀ka, kí wọ́n tún ya àwòrán rẹ̀, ní Ọjọ́bọ̀, aago mẹ́jọ àárọ̀. Wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé ẹni tí kò bá yọjú, wọn á ti fáìlì rẹ̀ pa. Ó kà á fún wọn lórí fóònù.

"Ká ní mo wá ni," ni Abẹ́rẹ́ wí.

"O ò wá," ni ìyá rẹ̀ dá a lóhùn. "Ẹni tó yẹ kó wá ló wá. Aago mélòó lo máa jáde nílé?"

"Aago méje. Màmá, ẹ̀rù ń bà mí. Ọkọ mi ló máa ń tẹ̀ lé mi lọ."

"Pè mí ní aago méje."

Àárọ̀ Ọjọ́bọ̀, fóònù dún. Tíṣà ti wẹ̀, ó ti wọṣọ, ó ti jókòó sórí àga bí ẹni tó fẹ́ jáde. Káfíńtà fẹ́ gba fóònù, ìyá náà ní kó fi í sílẹ̀.

"O ti ti ilẹ̀kùn?"

"Mo ti tì í, Màmá."

"Ìwé ẹ dà?"

"Ó wà nínú báàgì."

"Fọwọ́ kàn án kí n gbọ́."

Báyìí ni ìyá ṣe bá ọmọ rẹ̀ rìn láti ẹnu ọ̀nà dé ibùdókọ̀, láti inú bọ́ọ̀sì dé ẹnu géètì ọ́fíìsì. Ó ń bi í ní ohun tó ń rí. Ọmọ ń sọ ọ́: ṣọ́ọ̀bù oníbúrẹ́dì ti ṣí, ọkùnrin kan ń fọ gíláàsì, ìlà kò gùn lónìí. Ìyá sọ fún un pé ọjọ́ tí òun kọ́kọ́ mú un lọ sí ilé ìwé, ó di aṣọ òun mú títí aṣọ náà fi ya. Ó ní òun kò sọ fún un rí, ṣùgbọ́n nígbà tí òun fi í sílẹ̀ tán, ẹ̀yìn ògiri ilé ìwé ni òun dúró sí títí di ìgbà tí wọ́n jáde, òun kò sì kọ́ ẹnikẹ́ni lọ́jọ́ náà.

"Màmá, wọ́n ní kí n pa fóònù."

"Pa á. Ibí ni mo wà."

Ó gbé fóònù lé itan, kò sì kúrò lórí àga. Káfíńtà gbé tíì wá, ó ní òun kò fẹ́. Káfíńtà tún bi í lẹ́ẹ̀kan sí i, ó gbà á. Lẹ́yìn wákàtí méjì, fóònù dún: wọ́n ti tẹ ìka mẹ́wẹ̀ẹ̀wá, wọ́n ti ya àwòrán, wọ́n ní kó máa lọ sílé kó máa retí.

Ní ọjọ́ kẹrìnlá, káfíńtà múra láti padà. Ó ti kọ́ obìnrin kan ládùúgbò bí yóò ṣe máa kán ìwọ̀nba oògùn tó kù. Ẹnu ọ̀nà ni Tíṣà dúró sí láti sìn ín. Ó fa ẹ̀wù rẹ̀ gún ní èjìká, ó ní, "Ọmọ mi sọ fún mi nígbà tó fẹ́ fẹ́ ọ pé o kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Inú mi kò dùn. Mo rò pé àwọn tí kì í sọ̀rọ̀ ní ohun tí wọ́n ń fi pa mọ́."

"Kò sí ohun tí mo fi pa mọ́, Mà."

"Mo ti rí i." Ó tì í lẹ́yìn díẹ̀. "Máa lọ, kí ọkọ̀ má lọ fi ọ́ sílẹ̀."

Káàdì kò dé ní ọ̀sẹ̀ tó padà, kò sì dé ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e. Ọ̀sẹ̀ méje ló tún gbà. Ọjọ́ tó dé, káfíńtà nìkan ló wà nílé. Kò tú àpò ìwé náà, ó fi í sáyà, ó gbéra lọ sí ṣọ́ọ̀bù ìyàwó rẹ̀. Ìgbà tí àwọn aránṣọ rí i, gbogbo máṣíìnì dákẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà. Abẹ́rẹ́ mú sísọ́ọ̀sì, ó gé etí àpò náà lọ́nà tó tọ́ bí ẹni tó ń gé aṣọ olówó iyebíye. Ó fa káàdì yọ, ó wò ó, ó fi í han ọkọ rẹ̀.

"Wo bí wọ́n ṣe ya mí. Ojú ẹni tí wọ́n jí lójú oorun."

"Ìwọ ni," ni ọkọ rẹ̀ wí. "Bó o ṣe máa ń rí láàárọ̀ nìyẹn."

"Ẹ̀yin lọ̀rọ̀ náà ń bá wí," ni Abẹ́rẹ́ dáhùn, nítorí "ẹ̀yin" ló máa ń pe ọkọ rẹ̀ bó bá fẹ́ ṣe bí ẹni ń bínú. Ṣùgbọ́n ó ti di ọwọ́ rẹ̀ mú lójú gbogbo ẹgbẹ́ rẹ̀, kò sì tètè fi í sílẹ̀.

Nígbà tí ilé ìwòsàn dá ọjọ́ fún ojú òsì Tíṣà, Abẹ́rẹ́ ló lọ. Ọkọ rẹ̀ sìn ín dé pápákọ̀ òfurufú, ó bá a gbé báàgì dé ibi tí ẹni tí kò rìnrìn-àjò kì í kọjá. Ó dúró sí ẹ̀yìn okùn, ó ń wò ó bó ṣe ń tò lọ síwájú. Aṣọ́bodè gba káàdì lọ́wọ́ rẹ̀, ó yí i sẹ́yìn, ó yí i síwájú, ó dá a padà fún un. Obìnrin náà kọjá. Ó yíjú padà, ó wá ọkọ rẹ̀ láàárín èrò, ó juwọ́ sí i, káfíńtà náà juwọ́. Ó dúró níbẹ̀ títí kò fi rí i mọ́, lẹ́yìn náà ló wọ bọ́ọ̀sì padà síbi iṣẹ́, nítorí wọ́n ń retí férémù fèrèsé méjì tó ti ṣèlérí pé yóò parí lọ́jọ́ náà.